Ewédò Inú Àpótí Ẹja: Bí A Ṣe Lè Ṣẹ́gun Rẹ̀ Láìpa Ẹja

Omi làbùwẹ̀, omi làbùmu, ẹnìkan kì í bá omi ṣọ̀tá. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ìyá ilé mọ̀ pé omi tí a bá gbé sójú kan, tí oòrùn sì ń rí i lójoojúmọ́, kì í pẹ́ kí ó tó yí padà. Ẹ wo ara dúrọ́ọ̀mù tí ẹ fi ń gbe omi òjò. Ẹ wo ìdí bútà àlùwàlá tí ó ti pẹ́ ní ẹ̀yìnkùlé. Ohun tútù bí ewé kan wà níbẹ̀ tí ó ń yọ̀ bọ̀rọ́ bí a bá fọwọ́ kàn án. Ewédò ni. Òun náà ni ó ń wọ inú àpótí gíláàsì tí àwọn kan nínú yín ń sin ẹja àti ewéko omi sí nínú pálọ̀, òun ni a sì fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí lọ́sẹ̀ yìí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú ìtìjú kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà. Ewédò kì í ṣe àìsàn, kì í sì í ṣe ẹ̀rí pé ìyàwó ilé jẹ́ ọ̀bùn. Ṣùgbọ́n ìtìjú yìí gan-an ni ó ń pa ẹja jù. Bí àlejò bá fẹ́ wá, tàbí bí ìyá ọkọ bá ń bọ̀ láti ilé, obìnrin á wo àpótí ẹja, á rí i pé gíláàsì ti ṣú, á sì da gbogbo omi nù. Á fi ọṣẹ fọ òkúta àti iyanrìn inú rẹ̀, á fọ ewéko, á tún pọn omi ẹ̀rọ tuntun sí i. Ní ọjọ́ náà, àpótí á mọ́ gaara. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ẹja á máa léfòó lójú omi ní òkú, àwọn ọmọ á sì máa sunkún. Lẹ́yìn èyí, ewédò á tún padà wá, nítorí a kò fọwọ́ kan ohun tí ó mú un wá rárá.

OHUN TÍ EWÉDÒ Ń JẸ

Ewédò dà bí ewéko. Ohun tí ewéko ń fẹ́ ni òun náà ń fẹ́: omi, ìmọ́lẹ̀ àti ajílẹ̀. Omi kò ṣeé mú kúrò nínú àpótí ẹja. Nítorí náà, ìmọ́lẹ̀ àti ajílẹ̀ ni a lè fi mú un.

Ẹ lè béèrè pé ta ni ó da ajílẹ̀ sínú àpótí ẹja. Àwa fúnra wa ni. Oúnjẹ tí ẹja kò jẹ tán á rà nínú omi. Ìgbẹ́ ẹja á rà pẹ̀lú. Ewé tó kú á jẹrà. Nínú gbogbo ìjẹrà yìí ni ohun olóró kan tí wọ́n ń pè ní ammonia ti ń jáde, èyí tí ó lè pa ẹja. Ọlọ́run Ọba sì ti dá àwọn kòkòrò kan tí ojú kò lè rí, tí wọ́n ń gbé ara iyanrìn, ara òkúta àti inú fóòmù tí a fi ń sẹ́ omi. Àwọn ni wọ́n ń sọ ammonia yìí di nitrite, tí wọ́n sì tún ń sọ nitrite di nitrate, tí kò ní oró tó bẹ́ẹ̀. Nitrate yìí ni ajílẹ̀. Bí ewéko rere bá pọ̀ nínú àpótí, wọ́n á jẹ ẹ́. Bí wọn kò bá pọ̀, ewédò ni yóò jẹ ẹ́.

Ẹ wá rí ìdí tí ọṣẹ àti omi ẹ̀rọ fi ń pa ẹja bí? Ẹni tó fi ọṣẹ fọ òkúta, tó fi omi oníkiloríìnì fọ fóòmù, ó ti pa àwọn kòkòrò rere wọ̀nyẹn. Kò sí ẹni tí yóò bá ẹja palẹ̀ oró náà mọ́ mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Ìdó, ní Òyìngbò àti ní Èbúté Mẹ́ta kò níláti lọ jìnnà kí ẹ tó rí irú ọ̀rọ̀ yìí ní ńlá. Ìdó tí ọkọ̀ ojú irin ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra lọ sí Ìbàdàn ní ọdún 1901, Ìdó tí afárá Carter so mọ́ Ìdúmọ̀tà, etí ọ̀sà ni ó wà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń da ìgbọ̀nsẹ̀ ìlú sínú ọ̀sà ní Ìdó. Ní Òkòbàbà, fún ọ̀pọ̀ ọdún ni lẹ́búlẹ́bú igi láti ilé ìlagi fi wọnú omi kan náà. Àwọn onímọ̀ Yunifásítì Èkó ní Akọka ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí lórí àwọn ewédò inú ọ̀sà yìí. Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọ̀sà kò yàtọ̀ sí ti inú àpótí yín: níbi tí ìdọ̀tí bá ti pọ̀ ju èyí tí omi lè gbé lọ, ewédò á rí oúnjẹ. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ni pé ẹ kò lè fi ọwọ́ ara yín nìkan tún ọ̀sà ṣe, ṣùgbọ́n àpótí wà ní ìkáwọ́ yín.

ÌMỌ́LẸ̀ NÍ ÌWỌ̀N

Bí àpótí ẹja bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí oòrùn ń gbà wọlé, ẹ gbé e kúrò níbẹ̀ kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Oòrùn Èkó kì í ṣe ẹgbẹ́ gílóòbù. Ẹ má gbé àpótí tí omi wà nínú rẹ̀ o, gíláàsì lè là. Ẹ kọ́kọ́ fa omi náà sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì mímọ́, kí ẹ tọ́jú rẹ̀, nítorí ẹ ó dá a padà. Bí kò bá sí ibòmíràn láti gbé e sí, ẹ ta kọ́tìnì tó nípọn sí fèrèsé, tàbí kí ẹ lẹ páálí mọ́ ẹ̀yìn gíláàsì.

Nípa iná tí a ń tàn lórí àpótí, wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ tó lójúmọ́. Kò sí aago tó rọrùn fún ilé Mùsùlùmí ju àkókò ìrun lọ. Bí ẹ bá kírun Àyìlà tán, ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán, ẹ tan iná náà. Bí ẹ bá kírun Ìṣáì tán ní nǹkan bí aago mẹ́jọ alẹ́, ẹ pa á. Wákàtí mẹ́fà gééré nìyẹn. Ewéko yóò rí ohun tí ó fẹ́, ẹja yóò rí òru tí yóò fi sinmi. Ẹni tó ń tan iná láti Àsùbáà títí di ìgbà tí ó bá fẹ́ sùn, ewédò ni ó ń tànmọ́lẹ̀ fún.

OÚNJẸ ẸJA

Àṣejù, baba àṣetẹ́. Inú ẹja kékeré kò ju ojú rẹ̀ lọ. Oúnjẹ tí wọ́n lè jẹ tán láàárín ìṣẹ́jú méjì ni kí ẹ fún wọn, lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Bí ó bá ṣẹ́kù, ẹ fi asẹ́ kékeré kó o jáde. Kí ẹnì kan ṣoṣo nínú ilé sì máa ṣe iṣẹ́ yìí, nítorí bí bàbá bá fún wọn láàárọ̀, tí ọmọ fún wọn nígbà tó ti ilé ìwé dé, tí ìyá tún fún wọn lálẹ́, kò sí ẹni tí yóò mọ̀ pé oúnjẹ ti pọ̀ jù. Ẹja tó ti dàgbà, tí ara rẹ̀ dá, lè gba ààwẹ̀ ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ láìsí ewu. Ó tilẹ̀ ń ṣe omi náà láǹfààní.

OMI ỌJỌ́ ÀLÀMÍSÌ

Ẹ yan ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ fún pípààrọ̀ omi. Àlàmísì dára, kí àpótí lè mọ́ de Jímọ̀. Ìdá kan nínú mẹ́rin ni kí ẹ fà jáde. Bí àpótí bá gba omi lítà 100, kẹ́ẹ̀gì lítà 25 kan nìyẹn. Ẹ fi rọ́bà fa omi náà láti ìdí iyanrìn, níbi tí ìdọ̀tí ń jókòó sí. Ẹ má fi ẹnu fa rọ́bà náà o. Ẹ kún inú rẹ̀ fún omi, ẹ fi ìka dí ẹnu rẹ̀ méjèèjì, kí ẹ sọ ọ̀kan sínú àpótí kí ẹ sì sọ èkejì sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tó wà nílẹ̀, kí ẹ tó tú ìka sílẹ̀. Omi á máa ṣàn fúnra rẹ̀.

Omi tí ẹ fà jáde yìí kì í ṣe ohun àdànù. Ìslàm kò fẹ́ ìnákúnàá, àní nínú omi. Ẹ kọ́kọ́ fi díẹ̀ nínú rẹ̀ fún fóòmù tí ń sẹ́ omi kí ó lè mọ́, kí àwọn kòkòrò rere má bàa kú. Ẹ da ìyókù sí ìdí ata, ẹ̀fọ́ tàbí òdòdó. Ajílẹ̀ tí ẹ kò fẹ́ nínú àpótí ni ewéko ẹ̀yìnkùlé ń wá.

Bí omi tuntun bá jẹ́ omi ẹ̀rọ, ẹ pọn ọ́n sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́nu gbòòrò ní ọjọ́ kan ṣáájú, kí kiloríìnì lè fò lọ. Ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó kí ẹ̀fọn má bàa yé sí i. Bí ó bá jẹ́ omi kànga, ẹ tọ́ ọ wò ní orí ahọ́n, kí ẹ sì tu ú dànù. Kànga tó wà nítòsí ọ̀sà lè ní iyọ̀, iyọ̀ kò sì bá ọ̀pọ̀ ewéko omi mu. Kànga tó súnmọ́ ṣáláńgá tún lè ní nitrate púpọ̀. Bí ewédò kò bá lọ láìka gbogbo ìtọ́jú sí, ẹ yí ibi tí ẹ ti ń pọnmi padà. Irú kànga bẹ́ẹ̀ kò sì yẹ fún mímu àwọn ọmọ pẹ̀lú, jùlọ ọmọ ọwọ́.

EWÉKO TÍ Ń BÁ EWÉDÒ DU OÚNJẸ

Ọ̀nà tó dára jù láti lé ewédò ni kí a gbin ohun tí yóò jẹ oúnjẹ rẹ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Gbogbo wa ni a mọ ojú oró, ewéko tí ń léfòó lórí omi bí lẹ́túùsì. Ó ń dàgbà kíákíá, ó ń jẹ nitrate púpọ̀, ó sì ń ṣíji bo omi kí ìmọ́lẹ̀ má bàa pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ó bo ju ìlàjì ojú omi lọ. Bí ó bá pọ̀ sí i, ẹ yọ díẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ewéko kan tún wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Anubias. Etí odò ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà àti Àáríngbùngbùn Áfíríkà ni ilé rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn aráa Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ń fi owó gidi rà á fún àpótí ẹja wọn. Bákan náà ni ẹja kékeré aláràbarà kan, Pelvicachromis pulcher, tí ó ti inú odò gúúsù Nàìjíríà wá, tí a sì ń sìn káàkiri ayé. Ohun tí à ń rò pé ó jẹ́ ti òyìnbó, ọmọ ilé wa ni. Ewé Anubias le, kò sì ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀ púpọ̀. Ẹ má rì í mọ́ iyanrìn. Ẹ fi òwú so ìtàkùn rẹ̀ mọ́ òkúta tàbí igi. Nítorí pé kì í tètè dàgbà, bí iná bá ti pọ̀ jù, ewédò á gun orí ewé rẹ̀. Ẹ gbìn ín sí abẹ́ òjìji ojú oró.

BÍ A ṢE Ń MỌ̀ WỌ́N LỌ́KỌ̀Ọ̀KAN

Èyí tí ó dà bí eruku ilẹ̀ lára gíláàsì sábà máa ń yọ nínú àpótí tuntun. Ẹ nù ún kúrò, ẹ sì ní sùúrù. Láàárín oṣù kan sí méjì, ó ń lọ fúnra rẹ̀.

Èyí tó dà bí àmì tótòtó aláwọ̀ ewé lára gíláàsì, ẹ fi kànrìnkàn tuntun tí kò kan ọṣẹ rí ha á.

Èyí tó gùn bí irun, ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ yí i ká bí ẹni ń yí òwú, kí ẹ fà á jáde. Lẹ́yìn náà, ẹ dín ìmọ́lẹ̀ kù.

Bí omi fúnra rẹ̀ bá tútù bí ọbẹ̀ ewédú, pípààrọ̀ omi nìkan kò tó. Ẹ pa iná, ẹ fi aṣọ dúdú tó nípọn bo àpótí náà yíká fún ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin. Ewédò tí kò rí ìmọ́lẹ̀ á kú. Ewéko yín kò ní kú láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ tí ń fẹ́ atẹ́gùn máa ṣiṣẹ́ títí, ẹ má fún ẹja ní oúnjẹ púpọ̀. Bí ẹ bá ṣí aṣọ, ẹ pààrọ̀ ìlàjì omi.

Èyí tó tẹ́ pẹrẹsẹ bí aṣọ aláwọ̀ ewé tó pọ́n dúdú, tó ń rùn, kì í ṣe ewédò gidi. Irú kòkòrò àìfojúrí kan ni. Ẹ fa á jáde pẹ̀lú rọ́bà, kí ẹ sì bo àpótí bí a ti wí. Ẹ fọ ọwọ́ yín dáadáa lẹ́yìn rẹ̀.

Èyí tó dúdú bí irùngbọ̀n létí ewé, ẹ gé ewé náà kúrò. Kò sí ọ̀nà mìíràn tó yá ju ìyẹn lọ.

Ní ti oògùn tí wọ́n ń tà pé ó ń pa ewédò lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ṣọ́ra. Bàbà wà nínú òmíràn, ó sì lè pa ẹja pẹ̀lú. Àní bí kò bá pa ẹja, òkú ewédò á jẹrà, á sì tún di ajílẹ̀.

Ẹ KÍYÈSÍ ÌṢÁWÙRÚ

Ẹlòmíràn á sọ fún yín pé ìṣáwùrú ń jẹ ewédò. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ọmọ lọ ṣa ìṣáwùrú nínú odò tàbí gọ́tà wá fún àpótí ẹja. Àwọn ìṣáwùrú kan tí ń gbé omi wa, tí wọ́n ń pè ní Bulinus, ni wọ́n ń gbé kòkòrò àtọ̀sí ajá, àìsàn tí ń mú kí ọmọ tọ ẹ̀jẹ̀. Láti ara ìṣáwùrú ni kòkòrò náà ti ń jáde sínú omi, tí ó sì ń gba awọ ara wọlé, láìsí egbò, láìjẹ́ pé a mu omi náà. Ọmọ tó ti ọwọ́ bọ irú omi bẹ́ẹ̀ lè kó o.

Bí ẹ bá mú ojú oró tàbí ewéko mìíràn láti odò, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Ẹ kó o sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ́tọ̀, ẹ wo ìdí ewé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ ṣa gbogbo ìṣáwùrú àti ẹyin wọn tó rí bí oje, kí ẹ sì pa wọ́n. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, kí ẹ máa pààrọ̀ omi rẹ̀, kí ẹ tó gbé ewéko náà sínú àpótí. Bí ọmọ bá ń tọ ẹ̀jẹ̀, ẹ má ṣe pa á mọ́ra. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, oògùn rẹ̀ wà.

NÍGBÀ TÍ INÁ BÁ LỌ

Ní ọ̀sán, ewéko àti ewédò ń fún omi ní atẹ́gùn tí ẹja ń mí. Ní òru, àwọn náà ń mí nínú rẹ̀. Nítorí náà, bí ewédò bá pọ̀, tí iná mànàmáná sì lọ tí ẹ̀rọ dúró, ẹja lè máa ya ẹnu lójú omi bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́. Bí ẹ bá rí èyí nígbà tí ẹ dìde fún Àsùbáà, ẹ fi ife bu omi inú àpótí, ẹ gbé e sókè díẹ̀, kí ẹ máa dà á padà, lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn òmíràn fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Atẹ́gùn á wọ inú omi. Ìṣẹ́ kékeré ni, ṣùgbọ́n ó ń gba ẹ̀mí là.

Ẹ má kà á sí ọ̀rọ̀ eré. Ẹja tí a sé mọ́ inú gíláàsì kò lè wá oúnjẹ tàbí omi mìíràn fúnra rẹ̀. Àmáánà ni ó jẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó sé e mọ́. Gbogbo wa ni a ti gbọ́ Hádíìsì nípa obìnrin tó ti ológbò mọ́lé, tí kò fún un ní oúnjẹ, tí kò sì tú u sílẹ̀ kí ó wá tirẹ̀ jẹ. Ohun tí a bá fi kọ́ ọmọ nídìí ẹja kékeré ni yóò fi tọ́jú ohun tó tóbi lọ́la.

Ẹ MÁ DA EWÉKO SÍNÚ Ọ̀SÀ

Ọ̀rọ̀ kan ló kù. Ewéko tí ẹ bá gé kúrò, tàbí ẹja tí ẹ kò fẹ́ mọ́, ẹ má dà wọ́n sínú gọ́tà, kánáàlì tàbí ọ̀sà. Ewéko omi kan wà tó ní òdòdó aláwọ̀ àlùkò. Gúúsù Amẹ́ríkà ni ó ti wá, ẹwà òdòdó rẹ̀ ni àwọn èèyàn sì rí tí wọ́n fi ń gbé e kiri ayé. Ní ọdún 1984, ó gba orí omi láti Orílẹ̀-èdè Benin wọ ìhà Badagry, kò sì pẹ́ tí ó fi dé ọ̀sà Èkó. Títí di òní, bí òjò bá ti rọ̀ tí omi ọ̀sà kò níyọ̀ mọ́, ẹ ó rí i tó bo ojú omi, tí ó ń dí ọ̀nà ọkọ̀ ojú omi, tí ó sì ń di àwọ̀n mọ́ àwọn apẹja lọ́wọ́. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé tí iyọ̀ òkun wọlé, á kú, òjò á sì tún gbé òmíràn wá. Òdòdó ẹ̀ṣọ́ lásán ni ó jẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ sá ewéko tí ẹ bá gé sí oòrùn títí yóò fi gbẹ, kí ẹ rì í mọ́ ìdí ẹ̀fọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lónìí, ẹ bẹ̀rẹ̀ níbi iná. Ẹ tàn án lẹ́yìn Àyìlà, ẹ pa á lẹ́yìn Ìṣáì. Ẹ dín oúnjẹ kù lọ́la. Bí Àlàmísì bá dé, ẹ pààrọ̀ ìdá kan nínú mẹ́rin omi. Ẹ ṣe é fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin kí ẹ tó sọ pé kò ṣiṣẹ́, nítorí ewédò kò wá lọ́jọ́ kan, kò sì ní lọ lọ́jọ́ kan. Díẹ̀ nínú rẹ̀ yóò máa wà lára òkúta títí. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún ẹja kí wọ́n máa họ ọ́ jẹ.